Pákó Ìrókò Kì í Ṣe Pákó Kọnkéré: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tó Ń Tún Ilé Àtijọ́ Ṣe

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Iléṣà àti Òṣogbo ní orírun tirẹ̀. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó, ló kọ́kọ́ kọ́ irú rẹ̀; mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó ṣì dúró. Wọ́n kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọmọ iṣẹ́, títí iṣẹ́ náà fi wọ ìlú òkè. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, páánù àti sìmẹ́ǹtì sì bá a dé. Owó kòkó, àti owó aṣọ tí àwọn òṣómàáló gbà bọ̀ láti ìlú onílùú, ni Ìjẹ̀ṣà fi rà wọ́n.

Ẹni mẹ́ta ni lẹ́tà yìí wà fún: ọmọ onílé tó ń sanwó, agbaṣẹ́ṣe tó ń gbowó, àti aṣelọ́ṣọ̀ọ́ inú ilé. Ohun tó fà á kò ju ilé kan lọ ní Iléṣà. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun dá owó jọ láti tún ilé bàbá wọn àgbà ṣe, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ kan tó ti ìlú ńlá wá. Pákó ìrókò ni wọ́n fi ṣe àjà òkè ilé náà, pákó gbọọrọ tí wọ́n fi ayùn ọwọ́ là. Ọjọ́ méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ fi tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún un kàn, wọ́n fi gbé kọnkéré dẹ́kìn tuntun dúró. Nígbà tí kọnkéré gan, wọ́n fi irin ja pákó náà kúrò, wọ́n jù ú sẹ́yìnkùlé fún òjò. Igi tó gbé ìran mẹ́ta di ohun èlò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó iwájú ilé ni “Àtúnṣe”.

Ibi ògiri ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri amọ̀ ń mí. Nígbà òjò, omi ilẹ̀ ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ a fà á jáde. Àwọn baba náà lo sìmẹ́ǹtì, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá nígbà náà. 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ lò: ọ̀wọ̀n iwájú ilé, òdòdó ojú fèrèsé, àwọ̀ fẹ́lẹ́ lára ògiri. Agbaṣẹ́ṣe òde òní a rẹ́ ẹ nípọn, a fi ọ̀dà tó ń dán bò ó, ó ti dí ògiri nímú nìyẹn. Omi tí kò rọ́nà jáde a máa sọ amọ̀ di ẹrẹ̀ láti inú. Ní ilé Iléṣà tí à ń wí, òjò ọdún kejì kò tíì dá tí ara ògiri fi wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, tó sì ya lulẹ̀ tòun ti awọ amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní amọ̀ ló ti gbó. Amọ̀ kò gbó. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ti ń po amọ̀, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ẹ. Ògiri tí wọn kò fún lọ́rùn kì í kú láàárín ọdún méjì.

Dẹ́kìn kọnkéré ni àṣìṣe kejì, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 wúwo tó kílò 360 níbi tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Pákó ìrókò àti igi ìdábùú tó gbé e kì í tó ìdá márùn-ún ìyẹn. Ògiri tí wọ́n mọ láti ru pákó ni wọ́n wá gbé àpáta lé lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wá ọ̀wọ̀n tí yóò ti ògiri lẹ́yìn, wọ́n á gbẹ́ ògiri kí ọ̀wọ̀n lè ráyè. Kí iṣẹ́ tó parí, ilé tuntun ló wà nínú awọ ilé àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi tú pákó, èsì wọn ni pé ikán lè jẹ ẹ́. Ìrókò! Ikán Iléṣà kò rí i jẹ láti ìgbà ayé bàbá àgbà. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó mú irin dání ló jẹ ẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Nínú irú ilé yìí, ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìnkùlé kọjú síra wọn, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn sì ń gba àárín kọjá. Òkè ga kí ooru páánù lè jìnnà sí orí ènìyàn. Aṣelọ́ṣọ̀ọ́ a mọ ògiri dí ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè rí pálọ̀ ńlá, a fi POP rẹ òkè sílẹ̀, a yọ fèrèsé onípákó, a fi gíláàsì alùmíníọ̀mù tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí rọ́pò rẹ̀. Ilé á gbóná. Wọ́n á so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ gbogbo yàrá, wọ́n á ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa bọ́ wọn. Òṣómàáló lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó rẹ̀ fi pé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò lè lóṣòó fún wákàtí kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Ọ̀ṣọ́ òde òní kì í ṣe ọ̀tá ilé àtijọ́. Ẹ̀rí wà ní òpópónà Ìbòkun ní Òṣogbo, nínú ilé Àgùdà olókè tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, gbé títí ó fi kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009. Ohun tuntun ló kó sínú ilé náà nígbà ayé rẹ̀: ère, àga gbígbẹ́, àti iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì láti ọwọ́ Adébísí Àkànjí, ẹni tó jẹ́ bíríkìlà kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọlé mọ ibi tí ilé parí sí àti ibi tí iṣẹ́ ọnà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun pàápàá, bíríkìlà àti káfíńtà ìlú ló bá ṣiṣẹ́ nígbà tó ń tún àwọn ojúbọ tó ń wó ṣe. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọwọ́ Àdùnní hàn jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé jù nù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó hàn ṣeé bi léèrè. Ta ni a fẹ́ bi léèrè pákó ìrókò?

Ó yẹ kí a fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní tiwọn. Ilé tí wọ́n bà jẹ́ ṣì ní òrùlé lórí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ti hu koríko nínú yàrá, nítorí ọmọ ogójì ló ni í, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ra páánù kan. Àwọn aṣelọ́ṣọ̀ọ́ náà mọ iná í tò, wọ́n sì mọ bí balùwẹ̀ ṣe ń wọ ilé tí kò ní in rí. Ẹni tó ti gbé ilé tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń lọ lóru kò ní bú wọn fún ìyẹn. Àléébù wọn ni pé wọ́n ka ilé sí àpótí òfìfo. Wọ́n ti yan àwọ̀ ògiri kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n.

Ẹni tó bá sì ń retí òfin ń retí ohun tó jìnnà. Igbó Ọ̀ṣun ní ààbò: ó ti wà lára ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965, UNESCO sì fi í kún àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005. Ilé Ilojo ní Tinúbú, l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, ti wà lábẹ́ irú ààbò bẹ́ẹ̀ láti 1956. Wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2016. Bí èyí tí òfin ń ṣọ́ bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kí ni ti ilé òṣómàáló tí ìwé kankan kò dárúkọ? Ọwọ́ onílé nìkan ló kù.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀. Kí ẹni tó mọ amọ̀ wo ilé kí aṣelọ́ṣọ̀ọ́ tó wọlé. Kí wọ́n ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ilẹ̀kùn àti pákó, kí iye rẹ̀ sì wọ inú àdéhùn. Ohun tuntun tó bá wọlé, kó jẹ́ èyí tí ó ṣeé tú jáde láìmú ògiri lọ. Bí a ó ṣe rí ọmọ iṣẹ́ tí yóò kọ́ iṣẹ́ amọ̀ nígbà tí iṣẹ́ táìsì ń mówó wọlé jù ú lọ, ìyẹn ju agbára ẹnì kan lọ. Ó di kí ìlú jókòó lé e lórí.

Ní ti ilé Iléṣà, pákó mọ́kànlá ló ṣì wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n kà á kẹ́yìn. Sìmẹ́ǹtì ti lẹ̀ mọ́ ojú kan, ojú kejì ṣì ń dán. Wọ́n tó ilẹ̀kùn iwájú í ṣe, bí ẹnì kan bá lè gbé wọn kúrò nínú òjò.