Fọ́tò Ìwé Kì Í Ṣe Ìwé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kéèyàn ya fọ́tò ìwé, kó sọ ọ́ di PDF, kó jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kì í ṣe ìtẹ̀wéjáde. Ẹ wá “ọkọ̀” nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní rí nǹkan kan.

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì kan ní ká bá wọn gbé jọ́nà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ǹtì àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bá a ṣe ṣí i, “ṣ” ti di “$”, àmì ohùn ti fò lọ. Wọ́n ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà?” A mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú ẹsẹ Ifá tí ò lámì, ta ló máa sọ fún wa bóyá ọkọ́ ni àbí ọkọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́ ọ. Nínú Unicode, “ẹ́” ò ní kóòdù tiẹ̀. “Ẹ” la máa kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó fi àmì òkè lé e. Open Journal Systems tí wọ́n fi ń gbé jọ́nà jáde, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wa lo ọdún 4 kí wọ́n tó gboyè Yorùbá, ẹnì kan ò kọ́ wọn ní ìkankan.

Ẹ fi kún ẹ̀kọ́ wọn. Onígbá tó bá pe igbá ẹ̀ ní àkúfọ́, wọ́n á bá a fi kó ilẹ̀.