Amẹ́ríkà fi bọ́ǹbù ba àdéhùn ara rẹ̀ jẹ́ ní Líbíà

Ìgbàkígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bá ní kí orílẹ̀-èdè kan kó ohun ìjà olóró rẹ̀ sílẹ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í padà láti ọdún 2011: ẹni tó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ńkọ́, kí ni ojú rẹ̀ rí?

Muammar Gaddafi ti Líbíà ni ẹni náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án tí àwọn aṣojú Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣèpàdé ní bòókẹ́lẹ́, ó kéde pé òun ti jáwọ́ nínú ètò bọ́ǹbù átọ́míìkì àti gáàsì olóró. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìpínlẹ̀ Tennessee. Ẹnu ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ní ọdún 2003 yìí kan náà ni Amẹ́ríkà kógun wọ Ìráàkì nítorí ohun ìjà olóró tí wọ́n wá títí tí wọn kò rí. Nígbà tó di 2008, Condoleezza Rice, tó ń darí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ kí Gaddafi ní Tripoli.

Gaddafi kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Ọdún méjìlélógójì ló lò lórí àléfà. Ní 2010, ó ní kí wọ́n pín Nàìjíríà sí méjì, débi tí Àbújá fi pe aṣojú rẹ̀ wálé. Nígbà tí àwọn ará Benghazi dìde sí i ní 2011, ó halẹ̀ pé òun yóò wá àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti ilé dé ilé. Kò yẹ kí ayé kàn máa wòran.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú. Nàìjíríà wà lára àwọn tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ààbò ni wọ́n dìbò fún, kì í ṣe pé kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí oyè. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí Barack Obama àtàwọn olórí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àfi kí Gaddafi lọ. Jacob Zuma ti kó àwọn aṣojú ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Tripoli pé kí ìjà dáwọ́ dúró. Gaddafi gbà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọ̀. Kò sì sídìí tí wọn yóò fi gbà, nígbà tí bọ́ǹbù ń bá wọn jà láti ojú ọ̀run. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n pa Gaddafi ní Sirte.

Kòríà Àríwá ò tilẹ̀ dúró kó rí òpin rẹ̀. Ní oṣù Kẹta yẹn gan-an ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀tàn ni àdéhùn Líbíà, láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n tó kọlù ú. Láàrin 2013 sí 2017, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò. Ìràn náà ṣàdéhùn ní 2015. Amẹ́ríkà jáde kúrò nínú rẹ̀ ní 2018, ó sì ju bọ́ǹbù sí wọn ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, nígbà tí ìjíròrò ṣì wà nílẹ̀.

Ní 2016, Obama gbà pé àìpalẹ̀mọ́ fún ohun tí yóò tẹ̀lé ogun Líbíà ni àṣìṣe òun tó burú jù. Nígbà náà, ìbọn inú àká Gaddafi ti dé Màlì, ó ti di ogun níbẹ̀ láti 2012. Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ní London ní 2018 pé àwọn tí Gaddafi dì níhàmọ́ra wà lára àwọn tó ń pa àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìyẹn sí àwáwí, nítorí ìbọn kì í dá rin wọ ìlú tó bá ní aṣọ́bodè.

Nàìjíríà ń wá àga tí yóò jẹ́ tirẹ̀ títí láé nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò. Kí Àbújá kọ́kọ́ sọ fún àwọn àgbẹ̀ tí kò lè dé oko wọn mọ́ ìdí tó fi nawọ́ sókè ní 2011 láì béèrè ẹni tí yóò ṣọ́ àká ìbọn náà.