Kí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Náà San Ìṣákọ́lẹ̀

Láyé àtijọ́, àlejò tó bá fẹ́ dáko ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí òun ṣe. Yóò wá onílẹ̀ lọ, yóò tọrọ ibi tí yóò dá, wọn yóò sì fi ààlà hàn án. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, yóò gbé iṣu, tàbí epo, tàbí owó díẹ̀ tọ onílẹ̀ lọ. Ìṣákọ́lẹ̀ ni à ń pè é. A kò kà á sí owó tí a fi ra ilẹ̀, nítorí pé lójú àwọn baba wa, ilẹ̀ kì í ṣe ohun títà: òkú ló fi sílẹ̀, alààyè ló ń lò ó, ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò jogún rẹ̀. Ẹ̀rí ni ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jèrè lórí ilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Òwò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jìnnà sí oko iṣu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ń wí pé ó yẹ kí a ní ibùdó tiwa tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ti máa gbéra lọ sí òfurufú, kí a sì máa gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lò ó. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, eré rẹ̀ sì pọ̀ jù ní ìlà agbedeméjì ayé, níbi tó ti tó nǹkan bí 1,670 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá gbéra nítòsí ibẹ̀, tó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, ti gba eré ọ̀fẹ́ kí ó tó jó epo tirẹ̀. Ẹrù tí ó lè gbé á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Faransé fi gbé ibùdó tirẹ̀ lọ sí Kourou ní Guiana, ní ìwọ̀n 5 péré sí àríwá ìlà náà. Àwa náà sì ti náwó fún ẹlòmíràn: NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọdún 2003, NigComSat-1 sì gbéra láti Xichang ní Ṣáínà ní ọdún 2007. Wọ́n ń béèrè pé títí dìgbà wo ni a ó máa san owó ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Ìbéèrè gidi ni.

Ìṣirò wọn ni mo ń bá jà. Wọ́n ka epo, wọ́n ka irin, wọ́n ka owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Wọn kò ka onílẹ̀. Ìṣirò tí kò bá ka onílẹ̀ kò tíì pé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó wo Alcântara.

Alcântara wà ní ìpínlẹ̀ Maranhão ní ilẹ̀ Bràsíl, ní ìwọ̀n 2 àti díẹ̀ sí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, òkun Àtìláńtíìkì sì tẹ́ lọ níwájú rẹ̀. Bí a bá sọdá omi tó wà láàárín, São Luís ni a ó dé, ìlú tí Casa das Minas wà, ojúbọ tí àwọn ọmọ Dahomey dá sílẹ̀, àti Casa de Nagô, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ìran tó ni ín. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá ka ìtàn ibẹ̀ bí ìtàn àjèjì. Àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà lọ gbin òwú ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Alcântara. Nígbà tí òwò òwú bàjẹ́ tí àwọn olóko ńlá sì kó ẹrù wọn lọ, àwọn wọ̀nyí dúró. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n pẹja, wọ́n sì jọ ń lo ilẹ̀ náà ní àpapọ̀. Quilombola ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní ọdún 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ìwé àṣẹ gba ilẹ̀ tó tó 52,000 hẹ́kítà. Ní 1983 ni wọ́n dá ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kí ọdún 1990 tó pé, wọ́n ti kó ìdílé 312 kúrò létí òkun lọ sí abúlé méje tí ìjọba kọ́ sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Apẹja wá di ẹni tó ń rin ìrìn-àjò kí ó tó fojú kan omi. Iṣẹ́ àti ìlọsíwájú ni wọ́n ṣèlérí fún wọn.

Kí wá ni èrè ogójì ọdún? Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Bràsíl fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti gbé sátẹ́láìtì kùnà ní 1997, ó tún kùnà ní 1999. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ẹ̀kẹta gbaná níbi tó dúró sí, ó sì pa òṣìṣẹ́ 21. Àdéhùn òwò tí wọ́n bá Ukraine ṣe lọ́dún náà gan-an fọ́ ní 2015, láìjẹ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra nítorí rẹ̀. Ní 2019, wọ́n bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn tuntun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Innospace láti Kòríà dán rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan wò níbẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ìwádìí kéékèèké ti gbéra níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n títí ọdún 2025 fi parí, kò sí sátẹ́láìtì kan ṣoṣo tó ti ibẹ̀ dé ààyè rẹ̀ ní òfurufú.

Mo mọ èsì tí yóò wá: wọn á ní ẹjọ́ àwọn onílẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró. Kì í ṣe onílẹ̀ ló tanná ran rọ́kẹ́ẹ̀tì ọdún 2003. Síbẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà nínú èsì náà, nítorí pé nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fẹ ibùdó náà sí i, àwọn ará abúlé a dìde, wọn a gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹ̀rí tèmi gan-an nìyẹn. Gbèsè onílẹ̀ tí a kò san ní 1983 kò parẹ́. Èlé ló ń gorí rẹ̀. Ní 2023, níwájú Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì, ìjọba Bràsíl tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó fọwọ́ sí àdéhùn pé òun yóò fún àwọn quilombola ní ìwé ilẹ̀ tó lé ní 78,000 hẹ́kítà. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ náà kéde ìdájọ́ rẹ̀, ó sì dá Bràsíl lẹ́bi. Àdéhùn tó yẹ kí ó ṣáájú òkúta ìpìlẹ̀ wá dé lẹ́yìn ogójì ọdún. Oníṣòwò wo ni yóò fi tayọ̀tayọ̀ kó owó rẹ̀ lé ilẹ̀ tó wà ní kóòtù?

Bí ẹnìkan bá ní Bràsíl kò mọ iṣẹ́ ni, kó wo Kourou tó mọ̀ ọ́n. Ní 2017, àwọn ará Guiana da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri, àwọn kan wọ inú ibùdó náà lọ jókòó, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 sì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ààbò ni wọ́n ń béèrè. Ó ti sú wọn láti máa gbójú sókè wo ọrọ̀ tó ń fò lórí wọn.

Ilé tiwa ńkọ́? Ní Ẹ̀pẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ jẹ́ kí á wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa. Gúúsù ni òkun wa wà. Ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ ni etí omi Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Òǹdó àti Niger Delta. Bẹ́ẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì a máa já àgbá epo tó bá ti jó tán sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ta ni yóò gbà kí ó já lu òrùlé bàbá òun? Gúúsù ni tiwa yóò kọjú sí, èyí tó bá sì kọjú sí gúúsù kò rí eré ọ̀fẹ́ yẹn lò. Sátẹ́láìtì kéékèèké tó ń ya àwòrán ilẹ̀ àti omi ni ọ̀nà náà dára fún. Òwò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò tí a ń fọ́nnu lé lórí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì Virgin Orbit tí wọ́n gbé láti Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kùnà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin, ilé-iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè, ó ń kógbá sílé. Oníṣòwò lè kógbá sílé kó máa lọ. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ nítorí oníṣòwò kò ní ilé tí yóò kógbá sí.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kí a sanwó fún. Ilẹ̀ gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní owó lórí. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba oko bàbá mi fún ilé-iṣẹ́ kan tí wọn kò kọ́ títí di òní. Àwọn akọ̀wé wá, wọ́n ka igi kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹfun sàmì sí i. Bàbá mi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kà tán, ó ní, “Ẹ ti ka igi. Ilẹ̀ tí igi dúró lé ńkọ́?” Akọ̀wé náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.”

Àyè yẹn ni mo ń béèrè. Bí a ó bá kọ́ ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì sí etí òkun wa, kí a yá ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí a má gbà á. Kí ìpín kan nínú owó rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bá gbéra máa lọ sọ́dọ̀ wọn, kí a sì kọ ìwé rẹ̀ kí a tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Bí iye ọdún tí a dá bá pé tí kò sí ohun tó gbéra, kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oko tí àlejò pa tì ti máa ń padà. Wọ́n lè ní owó yìí yóò lé oníṣòwò sá. Oníṣòwò ń sanwó epo, ó ń san owó adójútòfò, ó sì ń sanwó fún ọlọ́dẹ; owó tó mọ iye rẹ̀ kì í lé e. Ẹjọ́ tí kò mọ ọjọ́ tí yóò parí ló ń lé e.

A kò kọ àlejò. Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ onílẹ̀ kọjá kí ó tó gba òfurufú lọ.