Àpò Kan, Akọni Kan, Ẹni Mẹ́tàléláàádọ́ta

  

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọkùnrin wa méjì ń jiyàn ní ọ́fíìsì réluwé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ju bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. Ọ̀kan ní kò yẹ kí a kó owó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan. Èkejì ní owó táṣẹ́rẹ́ kò lè mú akọni dúró. Mo dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú ìdíje wọn tí à ń pè ní NFL. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn eléré rẹ̀ lọ́dún. Nígbà náà, mílíọ̀nù dọ́là 34.6 ni, ní 2025 ó ti di mílíọ̀nù 279.2. Bí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tilẹ̀ lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìwé ìṣirò rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Inú àpò kan náà ni eléré 53 ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí à ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ló ń gba bọ́ọ̀lù, òun ló ń jù ú fún àwọn tó ń sáré níwájú. Bí òun kò bá mọ iṣẹ́, làálàá àwọn yòókù di asán.

Ní 2024, ẹgbẹ́ Dallas bá Dak Prescott ṣe àdéhùn ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù dọ́là 240. Kí ọdún tó parí, ó fara pa ní iṣan itan, Dallas kò sì borí ju eré 7 lọ nínú 17. Ẹ wo Brock Purdy ti San Francisco. Ẹni ìkẹyìn pátápátá, ẹni 262, ni nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ní 2022. Owó ọdún rẹ̀ ní 2023 kò tó mílíọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ rí owó tọ́jú àwọn akọni mìíràn, wọ́n sì dé Super Bowl ní oṣù kejì ọdún 2024, bí Kansas City tilẹ̀ fi 25 sí 22 borí wọn. Ní 2025, ó kan Purdy: ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 265. Àyè há.

Kansas City ńkọ́? Ní 2020 wọ́n fún Patrick Mahomes ní àdéhùn ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 450. Ní 2022, wọ́n jẹ́ kí Tyreek Hill, asáré wọn tó yára bí àṣá, lọ sí Miami, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti ṣa ọ̀dọ́ márùn-ún dípò rẹ̀. Wọ́n gba ife ní 2023 àti 2024. Wọ́n sanwó fún akọni, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Ọgbọ́n kan tún wà. Ẹgbẹ́ lè san owó ńlá lójú kan náà, kí ó pín in sí ọdún márùn-ún nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èésú mọ̀ ọ́n: ẹni tó kọ́kọ́ kó o yóò máa dá a títí yóò fi kárí. Bí eléré náà tilẹ̀ lọ, gbèsè rẹ̀ kò lọ.

Ìdí tí mo fi dákẹ́ lọ́jọ́ náà nìyí. Àwa mẹ́ta ni bàbá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi ni orí rẹ̀ pé jù, gbogbo owó ilé sì tẹ̀ lé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi dúró ní ìwé mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé wa. Òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ mi àgbà. Ṣùgbọ́n àbúrò wa obìnrin, tó mọ ìṣirò ju àwa méjèèjì lọ, kò ré kọjá ìwé mẹ́rin. Ọjà ló ń tà títí dòní. Ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún un?

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó pinnu bóyá kí a kó gbogbo owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa fún ọmọ kan tó wọ yunifásítì, tàbí kí a pín in. Èrò tèmi ni pé kí a fún un ní ìpín tó pọ̀ jù, nítorí ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ fi òdiwọ̀n sí i, kí a kọ orúkọ àwọn yòókù àti ìpín wọn sílẹ̀, kí a má sì yá owó ọdún tó ń bọ̀ ná. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ wá, kí ẹ mú àwọn ìyá dání, nítorí àwọn ló mọ ọmọ tó wà lẹ́yìn.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Réluwé