Owó Tó Ń Tẹ̀lé Ọmọ Tálákà Lọ sí Ilé-Ìwé

Òṣì ní ń jẹ́ "ta ní mọ̀ ọ́ rí", owó ní ń jẹ́ "mo bá ọ tan". Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ayé sì ti ń jẹ́rìí sí i láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin ọdún 2011, tí ìjọba alájọṣe David Cameron àti Nick Clegg ti dá owó tí wọ́n ń pè ní Pupil Premium sílẹ̀, òwe yìí ti yí orí padà díẹ̀ nínú àwọn ilé-ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọmọ tí àtijẹ àtimu nira nílé wọn gan-an ni orúkọ rẹ̀ ń mú owó wọlé. £488 ni wọ́n san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́; ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, ó ti di £1,515 fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti £1,075 fún ti girama. Ọmọ tó bá ti lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ nígbà kan rí láàárín ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ń kà mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní ọgọ́ta irú wọn yóò gba £90,900 lọ́dún ìnáwó náà, èyí tí kì í ṣe owó àkàrà.

Ajé ògúgúlùsọ̀ wọlé tán, ọ̀nà tó gbà jáde ló di ẹjọ́. Ìjọba kò fi àgádágodo sí owó náà. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ló ń ná an bó ti tọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Ofsted, àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé, bi àwọn ọ̀gá léèrè ní 2012, ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ló sọ pé owó náà ti yí ọ̀nà tí àwọn ń gbà tọ́jú ọmọ aláìní padà gidigidi. Bí ọjà sì ti ń wọ́n sí i, ìwádìí àjọ Sutton Trust láwọn ọdún àìpẹ́ yìí fi hàn pé ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọ̀gá lọ ló ń fi í dí ihò inú àpò ilé-ìwé. N kò bá wọn jà kanrí, nítorí òrùlé tó ń jò kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Àmọ́ ohun tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n fa ọmọ náà lé lọ́wọ́ ló ju ohunkóhun tí wọ́n lè fi owó náà rà lọ. Ẹ wọ kíláàsì kan lọ ní Ìlú Ọba, ẹ ó rí tábìlì kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìwé kíkà kò tíì yé jókòó yí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ká, obìnrin oníwà tútù kan tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá dákẹ́ díẹ̀, yóò yára bá a parí rẹ̀ kí ojú má baà tì í. Níwájú lọ́hùn-ún, olùkọ́ tó gboyè ń bá àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kà sọ̀rọ̀. Olùwádìí Peter Blatchford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 2009 pé àwọn ọmọ tó gba ìrànlọ́wọ́ irú èyí jù ni kò tẹ̀síwájú tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀bi obìnrin náà kọ́: ta ló jókòó tì í láti ṣètò iṣẹ́ fún un? Education Endowment Foundation, tí ìjọba fi £125 mílíọ̀nù dá sílẹ̀ ní 2011 láti máa wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí, ń gba ilé-ìwé nímọ̀ràn pé kí owó kọ́kọ́ lọ sórí ìkọ́ni fúnra rẹ̀, àti pé olùrànlọ́wọ́ tí a bá kọ́ dáadáa, tó ń mú ọmọ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú ètò tó gún, ń ṣe iṣẹ́ gidi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà n kò ní bá ilé-ìwé tó ń fún ọmọ ní búrẹ́dì àti wàrà láàárọ̀ jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó yó tí kò mọ̀wé kà, ó kàn yó ni.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá tó wà ní Peckham àti Woolwich ní London, nítorí fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí kò bá kúrò nílé kò lè mú owó bọ̀. Àwọn kan ní ọmọ àwọn kì í ṣe ọmọ alágbe, bí ẹni pé àwọn baba wa tó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní oṣù Kìíní 1955 pe ara wọn ní alágbe. Àwọn mìíràn ní kí ni àwọn tún ń kọ fọ́ọ̀mù fún, nígbà tó jẹ́ pé láti oṣù Kẹsàn-án 2023 gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní London ti ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Oúnjẹ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí a kò kọ kò mú owó náà wá.

Mo bá irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ agolo gààrí nílé àbúrò kan, ìyá ọmọ méjì tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣé wọn ò ní máa pe ọmọ mi ní ọmọ tálákà ní gbangba?"

Mo ní rárá, ojú ọ̀gá àti olùkọ́ nìkan ni orúkọ wà. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà la ṣí ojú ìwé ilé-ìwé náà lórí fóònù rẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ètò ìnáwó náà síbẹ̀ kí oṣù Kejìlá tó parí lọ́dọọdún. Ó fi ìka tì í lọ, ó fà á bọ̀: kọ̀ǹpútà tuntun, ìrìn-àjò lọ wo ẹranko, àga tuntun fún yàrá ìsinmi.

"Nínú gbogbo èyí, Bọ̀dá mi, ta ni yóò wá kọ́ ọmọ mi ní ìwé kíkà?"

Ó fa bírò yọ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ìbéèrè náà sẹ́yìn àpò-ìwé tí fọ́ọ̀mù bá wá, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé àwọn òbí.