Ọwọ́ Kan Kò Gbé Igbá Dé Orí

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí wọ́n ti fi òfin bùkún un ní Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo ilé tí a ti ń ṣe ìlérí owó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ọlọ́pàá ìlú Boston tí ó ju 1,100 lọ da iṣẹ́ sílẹ̀. Owó wọn kéré, àwọn tìkara wọn ni ó sì ń ra aṣọ iṣẹ́ wọn. Àwọn jàǹdùkú fọ́ ìsọ̀, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Calvin Coolidge sì pe àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ jáde. A lé àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀, a kò sì gbà wọ́n padà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a fi rọ́pò wọn ni a fi owó kún owó wọn, tí a sì fún ní aṣọ iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni ó jẹ èso rẹ̀.

Ní ọdún 1970, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣe òfin kan tí a fi orúkọ Robert Quinn pè, pé ọlọ́pàá tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ sí i yóò gba owó sí i. Gẹ́gẹ́ bí a ti wá ń lò ó, ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ọdún méjì a gba dọ́là 10 lé orí 100 kọ̀ọ̀kan; ẹni tí ó gba oyè kìn-ín-ní, dọ́là 20; ẹni tí ó gba oyè kejì tàbí oyè ìmọ̀ òfin, dọ́là 25. Kò sí ìlú tí a fi ipá mú; èyí tí ó bá gba òfin náà ni yóò san án, ìpínlẹ̀ a sì dá ìdajì padà fún un.

Èrò náà dára. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé wa ní òru yẹ kí ó ní ìmọ̀, kí ó sì lè bọ́ ọmọ rẹ̀ láìgba rìbá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí owó wọ́n, ní ọdún 2009, ìpínlẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn gidigidi. Àwọn ìlú kan ti kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé bí ti ìpínlẹ̀ kò bá dé, ìdajì tiwọn nìkan ni àwọn yóò san. Boston wà nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ìlú náà láre.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá àti baba: ọkùnrin tí ó fi alẹ́ rẹ̀ lọ kàwé, tí aya rẹ̀ ń dá tọ́jú ọmọ, tí wọ́n sì ti ka owó náà mọ́ owó oúnjẹ àti owó ilé. Àwọn ti ṣe ipa tiwọn ní kíkún; èrè wọn ni ó dé ní àbọ̀.

Ní tiwa, a kò dá àwọn tí ó ṣe òfin náà lẹ́bi pé wọ́n lawọ́. Ohun tí ó kù ni pé kí òfin tí ó bá fi owó kún owó òṣìṣẹ́ sọ ibi tí owó náà yóò ti máa wá lọ́dọọdún, àti ẹni tí yóò rù ú bí ọwọ́ kan bá yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹbí: bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá jọ ṣe ìlérí owó ilé-ìwé ọmọ kan, kí wọ́n béèrè èyí kí ọmọ náà tó di àpótí rẹ̀.