Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ń Ríran

Àwọn kan ní owó àti ipò nìkan ní ń mú kí òṣèlú fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sínú òmíràn. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Lójú tèmi, ẹ̀dùn ọkàn ni iná, ẹgbẹ́ òṣèlú ni ìkòkò. À ń pààrọ̀ ìkòkò, iná kò kú.

Ẹ wo ìtàn. Ní 1945 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti gbé àṣà àti ìṣọ̀kan wa ró. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wà nídìí Action Group tí wọ́n kéde ní Ọ̀wọ̀ ní 1951. Nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìbò M.K.O. Abíọ́lá ní 1993, ẹ̀dùn náà ló gbé AD wọlé ní ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní 1999. Ní 2003, PDP gba márùn-ún, ó ku Èkó nìkan. Ní 2006, àwọn aṣáájú Èkó bọ́ sínú AC. AC di ACN. Ní 2013, ACN wọ inú APC. Ẹgbẹ́ yìí ló fi ológun àtijọ́, Muhammadu Buhari, ṣe ààrẹ ní 2015. Òun náà ló sì bu ọlá fún Abíọ́lá ní 2018.

Ní 2023, Bọ́lá Tinúbú di ààrẹ, ṣùgbọ́n Labour Party ló borí ní ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìbò náà: 582,454 sí 572,606. Kí ìbò gómìnà tó dé, ariwo "Ta ló ni Èkó?" ti gba ìgboro. Wọ́n ń bi Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour, ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Ní àwọn ibùdó ìbò kan, wọ́n lé ènìyàn padà nítorí pé ó jọ Ìgbò. Ẹ̀dùn tí a fi bá ológun jà ti di èyí tí a fi ń bá aládùúgbò jà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Mushin gan-an wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1967. Ààlà a máa yí.

N kò ní kí a gbàgbé ìyà tó jẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá gbé ẹkún wa wá tọrọ ìbò ní Yaba tàbí Surulere, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè omi, ọ̀nà àti ilé ìwé. Ẹkún wa kì í ṣe ogún ẹgbẹ́ kankan.